Àkójọ Sinimá Aláìfọhùn Nínú Ilé

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí àwọn kan ti ń kó ìwé jọ, tí àwọn mìíràn sì ń kó owó àtijọ́ jọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù tí ó jẹ́ pé sinimá aláìfọhùn ni wọ́n ń kó jọ sílé, pàápàá èyí tí ń pani lẹ́rìn-ín. Charlie Chaplin, Buster Keaton, Harold Lloyd, àti Laurel pẹ̀lú Hardy ni ògbóǹtarìgì nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni àwọn òṣèré wọ̀nyí fi ń sọ̀rọ̀, tí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn pàápàá fi ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú eré wọ̀nyí ti ṣègbé. Ní ọdún 2013, ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú nǹkan bí 11,000 sinimá aláìfọhùn gígùn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ náà, 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣẹ́ kù bí wọ́n ti ṣe é gan-an. Ohun méjì ni ó fa àdánù yìí. Èkíní ni pé fọ́nrán tí wọ́n ń lò nígbà náà, tí à ń pè ní náítíréètì, tètè ń gbiná. Bí ó bá sì gbiná, omi kò lè pa á. Ní ọdún 1943, iná jó ibi tí Harold Lloyd kó fíìmù rẹ̀ sí nínú ọgbà ilé rẹ̀. Bí kò tilẹ̀ gbiná, ó lè máa rà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú. Èkejì ni pé nígbà tí sinimá olóhùn dé ní nǹkan bí ọdún 1927, àwọn tí ó ni eré wọ̀nyí kò kà wọ́n sí mọ́. Wọ́n da òmíràn nù, wọ́n sì yọ́ òmíràn kí wọ́n lè rí fàdákà inú rẹ̀ tà.

Báwo ni a ṣe ń tún èyí tí ó kù ṣe? Àwọn oníṣẹ́ náà a kọ́kọ́ wá gbogbo ẹ̀dà tí ó wà káàkiri ayé. Wọn a fi wọ́n wé ara wọn, wọn a sì mú ibi tí ó mọ́ jù lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, wọn a lẹ ojú tí ó ya, wọn a ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì pa àwọn ìlà tí ó ha á rẹ́. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ mọ bí eré náà yóò ti yá tó, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ ayàwòrán nígbà náà. Bí a bá fi ìyára sinimá olóhùn, èyíinì ni àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fi òmíràn hàn, ńṣe ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yóò máa sáré kìtàkìtà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1927, Laurel àti Hardy ṣe eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Battle of the Century. Ìjà ńlá ni ó parí rẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ti ń sọ páì lu ara wọn lójú. A gbọ́ pé páì náà tó 3,000. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn rò pé púpọ̀ nínú ìjà yìí ti sọnù, àfi ìwọ̀nba tí Robert Youngson fi sínú sinimá rẹ̀ kan ní ọdún 1957. Àṣé apá kejì eré náà wà nínú ẹrù fíìmù tí Youngson fi sílẹ̀, tí ó ń ti ọwọ́ akójọ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ní ọdún 2015 ni wọ́n tó mọ̀ pé ó wà. Títí di òní, a kò tíì rí ibì kan láàárín eré náà.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó ṣọ́ra. Lóòótọ́, àwo DVD ti Amẹ́ríkà ní ìlà 480 lórí àwòrán rẹ̀, Blu-ray tí ó jáde ní ọdún 2006 sì ní 1,080. Ojú yóò rí i pé ìyàtọ̀ wà. Síbẹ̀, àwo tuntun kò sọ ẹ̀dà burúkú di rere. Kí olùrà kọ́kọ́ bèèrè pé: Ẹ̀dà wo ni wọ́n fi ṣe é? Ǹjẹ́ eré náà pé? Ǹjẹ́ ó ń lọ bí ó ti yẹ? Kí ó sì gbé ti àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ó tó gbé ọ̀kan sọnù, nítorí ó lè jẹ́ pé ògbólógbòó ni ó ní ibi tí tuntun kò ní.

Ẹ̀kọ́ wà níbí fún àwa náà. Fótò bàbá ńlá tí eruku bò nínú àpótí, àti àwo orin tí a ti pa tì, lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó kù ní ayé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó dà á sí ààtàn.