Bí ọ́síjìn tó ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́ ṣe lè sọ ọ́ di kíkan

Láti ọdún 1997 ni ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi ìdọ̀tí ní Deer Island, nílùú Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ń lo ọ́síjìn láti tún omi ṣe. Ṣáájú ìgbà náà, ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sí etíkun ìlú náà pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ọdún 1980.

Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní ìṣòro tirẹ̀: omi náà lè kan.

Kí ló dé tí wọn kò lo afẹ́fẹ́ lásán?

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi, wọ́n sì nílò ọ́síjìn láti mí. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn tí wọ́n ń fẹ́ sínú omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà, iṣẹ́ á yá, ilẹ̀ tí wọ́n máa lò á sì kéré.

Níbo ni kíkan ti wá?

Bíi ti èèyàn, carbon dioxide ni àwọn kòkòrò yìí ń mí síta. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo afẹ́fẹ́ lásán, ojú omi wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde á sì gbé carbon dioxide lọ. Àmọ́ wọ́n máa ń dé orí omi tí wọ́n ń fẹ́ ọ́síjìn sí, kí ọ́síjìn má baà ṣòfò. Carbon dioxide á há sábẹ́ ọmọrí, á sì yòrò padà sínú omi, bó ṣe wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọn ò tíì ṣí.

pH ni òṣùwọ̀n kíkan omi. Bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí ni omi ń kan sí i. Òfin Amẹ́ríkà ní kí pH omi tí wọ́n bá dà síta wà láàárín 6.0 sí 9.0. Omi tó bá kan jù ń jẹ kọnkéré, ó sì ń dá àwọn kòkòrò tó ń yí ammonia padà lọ́wọ́ kọ́.

Ìṣirò tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Lọ́dún 1803 ni William Henry ṣàlàyé pé bí gáàsì bá ṣe pọ̀ lórí omi tó ni yóò ṣe yòrò sínú rẹ̀ tó. Òfin yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á ṣírò ọ́síjìn tó wọlé, èyí tí àwọn kòkòrò lò, carbon dioxide tó jáde, àti agbára omi náà láti kojú kíkan.

ASM1, ìlànà ìṣirò tí gbogbo ayé mọ̀ láti ọdún 1987, kò ṣírò pH fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fi kún un.

Bí wọ́n bá ṣí ihò ọmọrí sílẹ̀ jù, carbon dioxide á jáde, àmọ́ ọ́síjìn tí wọ́n fi owó iná ṣe á bá a lọ. Bí wọ́n bá dín in kù jù, omi á kan. Ìṣirò ló ń fi ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí hàn, kí wọ́n tó da kọnkéré.