Súwíìṣì Ẹlẹ́kitíróníìkì àti Ìdarí Sáírìn Ọkọ̀ Pàjáwìrì

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣàlàyé ni àwọn nǹkan tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò bí a bá fẹ́ fọwọ́ ara wa ṣe súwíìṣì fún sáírìn ọkọ̀ pàjáwìrì, ìbáà jẹ́ ti panápaná, ti ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ súwíìṣì kò ju kí ó tan nǹkan kí ó sì pa á lọ. Èrò tiwa ni pé ipò tí súwíìṣì yóò fi sáírìn sí nígbà tí ó bá bàjẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Q2B, sáírìn àwọn ọkọ̀ panápaná Amẹ́ríkà tí ilé-iṣẹ́ Federal Signal ń ṣe, ṣe àpẹẹrẹ. Mọ́tò ni ó ń yí àgbá inú rẹ̀, ó sì ń fa nǹkan bí 100 ámpíà láti inú bátìrì onífóòtì 12. Iná iwájú ọkọ̀ kan kì í sábà fa tó 5. Bí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá gba inú bọ́tìnnì kékeré kọjá, ojú irin méjèèjì yóò yọ́ mọ́ ara wọn. Nítorí náà, ohun tí àwọn rẹ́wáyà wa ń pè ní rílè ni ó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù náà. Bọ́tìnnì kàn dà bí ọmọdé tí a rán lọ pe alágbára ni. Bí awakọ̀ bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, àgbá náà yóò ṣì máa yí, yóò sì máa ké. Ìdí nìyí tí ó fi ní bíréèkì tirẹ̀, tí bíréèkì náà sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀.

Sáírìn ẹlẹ́kitíróníìkì kò ní àgbá tí ń yí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: ìpohùnréré tí ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti igbe wàràwàrà. Kí ọwọ́ awakọ̀ má baà kúrò lórí ìdarí ọkọ̀, a máa ń fa wáyà họ́ọ̀nù wá sínú súwíìṣì náà, kí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa pààrọ̀ ohùn. Áísì 4017, tí ń ka iye, tó fún iṣẹ́ yìí: òdo ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ení ni ìpohùnréré, èjì ni igbe wàràwàrà, ẹ̀ta a sì dá a padà sí òdo.

Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, irin inú rẹ̀ a máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún kí ó tó fara balẹ̀. Etí ènìyàn kò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n áísì yóò ka gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ tí ó fẹ́ igbe ní oríta lè bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pàdé. Rẹsísítọ̀ 10 kílóómù àti kàpásítọ̀ 1 máíkírófáràdì yóò fa nǹkan sẹ́yìn fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá; èyí a sì máa tó lọ́pọ̀ ìgbà. Kàpásítọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ dá iye padà sí òdo nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí ó bá wù ú ni yóò ti jí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ìlì rílè: bí iná rẹ̀ bá já lójijì, ó lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì padà sẹ́yìn. Dáyóòdù 1N4007 kan ṣoṣo ni yóò gba áísì là, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Bí gbogbo èyí bá wá kùnà ńkọ́? Àwọn kan lè sọ pé kí sáírìn máa ké lọ. A kò fara mọ́ ọn, nítorí òṣìṣẹ́ tí ariwo bò mọ́lẹ̀ kò ní gbọ́ rédíò, kò sì ní gbọ́ ohùn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní oríta burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a fara mọ́ ni pé kí rílè sinmi sórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí bọ́tìnnì lásán kan sì wà tí kò gba ọ̀dọ̀ áísì kọjá rárá, tí yóò máa mú sáírìn ké níwọ̀n ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fíúsì bọ́tìnnì yìí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti áísì. Bí wọ́n bá jọ ń lo ẹyọ kan, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò kú.