Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Niamey sí ọ̀dọ̀ àwọn àgùnfọn Kouré

Niger kò ní òkun. Ẹni tó bá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Diori Hamani ní Niamey, tó ń wá etí omi tí yóò ti najú, Odò Ọya ni yóò bá níbẹ̀, odò kan náà tó ń ṣàn gba Jẹ́bbà àti Lọ́kọ́ja kọjá. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àlejò tún máa ń bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ni àgùnfọn, ẹranko ọlọ́rùn gígùn.

Ìrìn náà kò le. Títì tó gba ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ náà kọjá lọ sí Dosso ni Kouré wà, nǹkan bíi 60 kìlómítà sí Niamey. Àlejò yóò háyà jíìpù pẹ̀lú awakọ̀, kò sì ju wákàtí kan lọ tí wọn yóò fi débẹ̀. Ní Kouré, wọn yóò gbé afinimọ̀nà kan, ọmọ àdúgbò náà. Òun ni yóò máa wo ipasẹ̀ ẹranko nínú iyanrìn, tí yóò máa júwe ibi tí awakọ̀ yóò yà sí. Kò sí ọgbà, kò sí wáyà. Àgùnfọn àti àgbẹ̀ jọ ń gbé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú olóko kì í dùn bí wọ́n bá jẹ ẹ̀wà rẹ̀.

Irú àgùnfọn yìí ti wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí. Ìbọn ọdẹ, ọ̀dá àti igbó tí wọ́n ń gé run ló lé wọn títí tó fi ku díẹ̀ ní àyíká Niamey. Ní 1996, 49 péré ni wọ́n kà. Ìjọba fòfin de pípa wọn, àwọn ará abúlé sì ń rí nǹkan lọ́wọ́ àlejò. Kò pé 25 ọdún tí wọ́n fi lé ní 600. Ní 2018, wọ́n kó mẹ́jọ nínú wọn lọ sí igbó Gadabedji, níbi tí irú wọn ti pòórá tipẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹjọ, 2020, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Faransé mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ lábẹ́ àjọ ACTED wọkọ̀ lọ wo àwọn àgùnfọn. Àwọn agbébọn pa wọ́n, wọ́n pa awakọ̀ wọn, wọ́n sì pa afinimọ̀nà tó bá wọn lọ, ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn afinimọ̀nà Kouré. Ọmọ Niger ni àwọn méjèèjì. Àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ dárò wọn tó àwọn mẹ́fà yòókù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe tí ikú fi ká wọn mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ìjọba ti igbó náà pa. Faransé kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Niamey. Ìjọba Niger náà pàṣẹ pé kí sójà máa tẹ̀ lé àjèjì tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò. Ó dunni, nítorí pé ọdún 2019 gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pápákọ̀ náà kọ́ fún ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà. Ìfipágbàjọba ti Oṣù Keje, 2023 tún dé sí i, àwọn ológun sì ti òfurufú pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Owó àlejò wà lára ohun tó jẹ́ kí olóko máa fara da ẹranko tó jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Bí jíìpù kò bá wá láti pápákọ̀ mọ́, kí ni wọn yóò fi bẹ olóko?