Ta Ni Ó Ṣe Irú Inú Ọbẹ̀ Yín?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń ka ìwé yìí, nígbà tí ẹ bá ra irú lọ́jà, ǹjẹ́ ẹ ti rò ó rí iye ọjọ́ iṣẹ́ tí ó wà nínú ewé kékeré tí wọ́n pọ́n ọn sí? A máa ń ná ẹran, a máa ń ná ẹja, ṣùgbọ́n irú ni ọ̀pọ̀ wa ń ná bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣà á. Bí a kò bá mọ iyì iṣẹ́ yìí, àwọn tí ń ṣe é yóò fi í sílẹ̀, a ó sì máa wá ojúlówó irú tì.

Igi Tí A Dá Sí

Igi irúgbá kì í ṣe ohun ọ̀gbìn oko ńláńlá. Inú oko ẹbí, láàrin iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà, ni ẹ ó ti rí i ní Òkè-Ògùn, ní apá Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbòho, títí wọ ilẹ̀ Kwara. Àgbẹ̀ tí ń ṣán oko a dá a sí fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Láàrin oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ni èso rẹ̀ máa ń gbó. Àwọn ọkùnrin a gùn ún lọ já a, àwọn ọmọdé a máa lá ìyẹ̀fun rẹ̀ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ó sì dùn, àwọn obìnrin a sì kó hóró rẹ̀ lọ sídìí ààrò.

Iṣẹ́ Ìdí Ààrò

Hóró yìí le bí òkúta. Wọn a sè é lórí iná igi fún nǹkan bí wákàtí 12, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a gún un lódó tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú eérú tàbí iyanrìn kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọn a sì fọ̀ ọ́ ní ọ̀pọ̀ omi. Lẹ́yìn èyí, wọn a tún un sè. Bí ó bá jẹ́ irú pẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fẹ́, wọn a fi kúúrú sí i kí ó lè rọ̀. Bí ó bá jẹ́ irú wooro, wọn kò ní fi í sí i. Wọn a wá dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọn a fi ewé bò ó, wọn a sì fi aṣọ tàbí àpò wé e kí ó lè móoru fún ọjọ́ 2 sí 3. Nínú ooru yìí ni kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí a ń pè ní Bacillus subtilis, ti ń sọ hóró lásán di irú.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀: igi ìdáná, omi, ọjọ́ 4 tàbí 5, àti agbára ìyá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Àwọn wọ̀nyí ti jìyà tiwọn.

Oúnjẹ Ni, Kì Í Ṣe Òórùn Lásán

Bí a bá gbẹ irú, púrótéènì inú rẹ̀ ju ìdá 1 nínú 4 lọ. Adùn rẹ̀ tún ń jẹ́ kí ọbẹ̀ tí ẹran kò pọ̀ nínú rẹ̀ ṣeé jẹ. Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èròjà wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní màgí, bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ṣe tó gíráàmù 5. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú kí ó béèrè irú tí a kò fi iyọ̀ sí.

Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Èédú ń tà. Bí owó irú kò bá tó nǹkan, ìdílé tí ìyà ń jẹ yóò ta igi irúgbá fún ẹlẹ́èédú. Ọjọ́ kan ni a fi ń gé e. Igi tí a bá sì gbìn dípò rẹ̀ yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó so. Àwọn kan sì ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú. Oúnjẹ dáadáa ni sóyà, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń tà á sọ pé sóyà ni.

Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe

Ẹ wo irú wooro dáadáa: kí hóró rẹ̀ dúdú tàbí kí ó pọ́n bí àwọ̀ kọfí, kí ó máa fà díẹ̀, kí iyanrìn má sì sí nínú rẹ̀. Ẹ fi omi ṣàn án kíákíá. Ẹ má rẹ ẹ́ pẹ́, kí adùn rẹ̀ má bàa bá omi lọ. Ẹ pín in sí wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì, tàbí kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ yan oníbàárà kan tí irú rẹ̀ mọ́, kí ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti ń rà á, kí ẹ má sì fi ìnákúnàá lé e kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko nílé, ẹ sọ fún àwọn bàbá yín kí wọ́n dá igi wọ̀nyí sí, kí wọ́n sì gbin tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Igi gànǹgànràn má gùn ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí a wò ó nísinsìnyí tí irú ṣì wà lọ́jà.