Ìṣàyẹ̀wò àti Ìpààrọ̀ Kàpásítọ̀ tí ó ti Bàjẹ́ nínú Ẹ̀rọ Amúlétutù

1.0 Ìfáàrà

Ẹ̀rọ amúlétutù ti di ohun èlò tí ó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì, ilé ìkàwé, yàrá kọ̀ǹpútà àti ilé gbígbé. Nígbà tí ẹ̀rọ yìí bá ń fẹ́ atẹ́gùn tí kò tutù, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu oníṣẹ́ ni pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti kú. Owó gọbọi ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ná ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun kékeré kan, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ni ó bàjẹ́. Ohun náà ni kàpásítọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àmì tí a fi ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ láìfi ẹ̀mí wewu.

2.0 Iṣẹ́ tí Kàpásítọ̀ ń Ṣe

Agolo kékeré ni kàpásítọ̀ inú ẹ̀rọ amúlétutù. Inú rẹ̀ ni a ká irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sí, tí ọ̀rá tín-ín-rín sì là wọ́n láàárín. Ó máa ń gba agbára iná mànàmáná sára, ó sì máa ń tú u sílẹ̀. Mọ́tò kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ní okùn wáyà méjì tí a wé sínú rẹ̀: ti àkọ́kọ́ àti ti olùrànlọ́wọ́. Bí iná bá dé inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò kò ní lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kàpásítọ̀ ni ó ń mú kí iná inú okùn olùrànlọ́wọ́ ṣíwájú ti èkejì. A lè fi èyí wé ènìyàn méjì tí ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo: bí ọmọ odó méjèèjì bá ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀, wọn yóò kọlu ara wọn, bí ọ̀kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ yóò yá.

Òmíràn ní ẹnu mẹ́ta tí a kọ C, HERM àti FAN sí. HERM wà fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀, FAN wà fún fáànù ìta, C sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ amúlétutù oní-ínfátà kì í lo irú kàpásítọ̀ yìí fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀; nítorí náà kò sí lára ohun tí à ń sọ níhìn-ín.

3.0 Àwọn Àmì Ìbàjẹ́

(i) Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò máa kùn láìgbéra, yóò sì dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.
(ii) Fáànù ìta kò ní yí, tàbí kí ó máa yí pẹ̀lú ìnira.
(iii) Orí agolo náà lè wú, tàbí kí òróró máa jò lára rẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, kàpásítọ̀ tí kò wú náà lè ti bàjẹ́. Bákan náà, bí iná bá wálẹ̀ jìnnà sí fóòtì 230 tí a ń retí ní Nàìjíríà, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò máa kùn láìgbéra. Nítorí náà, iná ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n.

4.0 Ìṣọ́ra àti Ìwọ̀n

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí a pa iná láti orísun rẹ̀, kí a sì rí i dájú pé ẹlòmíràn kò ní tàn án. Pípa iná nìkan kò tó, nítorí kàpásítọ̀ ṣì lè ní agbára tí ó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Kí a fi résísítọ̀ ọ́ọ̀mù 20,000, tí ó lè gba wáàtì 5, kan ẹnu rẹ̀ ní méjì méjì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ọwọ́ wa má sì kan irin. Lẹ́yìn náà, kí a fi mítà wò ó bóyá fóòtì ti tán nínú rẹ̀.

Kí a ya àwòrán wáyà kí a tó tú wọn. Lẹ́yìn èyí, kí a yí mítà sí ibi tí a fi ń wọn kàpásítọ̀. Bí a bá kọ 35 µF ±5% sí ara agolo, iye tí a rí gbọ́dọ̀ wà láàárín 33.25 sí 36.75. Bí mítà bá sọ 22, a ti rí ìdí ọ̀ràn. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́ta, kí a wọn C pẹ̀lú HERM, kí a sì wọn C pẹ̀lú FAN.

5.0 Ìpààrọ̀

Iye µF tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Fóòtì rẹ̀ lè jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i. Bí a bá bá 450 níbẹ̀, kí a má ṣe fi 250 rọ́pò rẹ̀ nítorí pé iná ilé jẹ́ 230: fóòtì tí ó wà lórí kàpásítọ̀ nígbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ máa ń ga ju ti iná ilé lọ. Kí a dá wáyà kọ̀ọ̀kan padà sí ẹnu rẹ̀, kí ó há dáadáa, nítorí wáyà tí ó dẹ̀ a máa gbóná. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò bá gbéra lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà náà ni ó tó kí a yẹ òun fúnra rẹ̀ wò.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìwọ̀n ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìdájọ́. Ooru àti iná tí ń ga jù wà lára ohun tí ń ba kàpásítọ̀ jẹ́. Bí tuntun bá tún tètè bàjẹ́, kí a fọ ìdọ̀tí ara ẹ̀rọ ìta, kí a sì tún iná wò. A dábàá pé kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa fi èdè abínibí ṣàlàyé irú ẹ̀kọ́ yìí, pàápàá jù lọ apá tí ó jẹ mọ́ ìṣọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìkìlọ̀ bá yé yékéyéké kò ní fọwọ́ kan agolo tí agbára iná ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí oníbàárà ra ohun tí kò nílò.