Ìbọ̀wọ́ Dókítà Lè Di Ewu Fún Aláboyún Tí Ara Rẹ̀ Kò Gba Rọ́bà

Nígbà tí aláboyún bá lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn n'Ìkòròdú tàbí l'Ẹ́pẹ́, ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì máa ń bi í kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ bí wọn kò tilẹ̀ bi í: ṣé rọ́bà máa ń bá a lára jà?

Oje igi rọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń gbìn lágbègbè Sapele àti Benin, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ oníṣẹ́ abẹ. Purotéènì inú oje yìí ni ara àwọn kan kà sí ọ̀tá. Bó bá kan awọ lásán, ó lè má ju kí ara máa yún lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, inú ikùn tó ṣí sílẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ ń wọ̀, kíá ni purotéènì náà sì ń dénú ẹ̀jẹ̀. Ara á sú, ojú á wú, èémí á há, ìfúnpá á já wálẹ̀ lójijì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sẹ́yìn ìyá kó má baà mọ ìrora náà máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro gan-an nìyẹn: wọ́n lè máa wá ọ̀daràn níbòmíràn, kí ìbọ̀wọ́ ṣì wà nínú ikùn.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, nígbà tí àrùn éèdì sọ ìbọ̀wọ́ di kòṣeémánìí, ni ìṣòro yìí pọ̀ sí i lókè òkun. Lọ́dún 2017, Amẹ́ríkà fòfin de ìbọ̀wọ́ onípáúdà, torí páúdà ń gbé purotéènì náà kiri inú afẹ́fẹ́.

Ta ló yẹ kó fura? Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tí ètè rẹ̀ ń wú bó bá fẹ́ bàlúùnù, tàbí tí kọ́ńdọ̀mù ń yún lára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ àti píà tó kún ọjà wa pàápàá lè tú àṣírí: bí wọ́n bá ń yún ẹnìkan lẹ́nu, kó sọ fún dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo irú wọn ni rọ́bà ń bá jà.

Ìbọ̀wọ́ tí kò ní oje igi rọ́bà nínú wà, nitrile ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Bí ilé ìwòsàn bá ti mọ̀ ṣáájú, wọ́n á wá a sílẹ̀, wọ́n á fi obìnrin náà ṣe ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀, wọ́n á sì gbé abẹ́rẹ́ adrenaline sítòsí. Káàdì ni kí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà. Kí ọkọ àti ìyá ọkọ náà mọ̀ ọ́n, torí ẹni tí ìrọbí mú lóru lè má ráyè sọ̀rọ̀.