Kíndìnrín Tó Ń Ṣàárẹ̀: Ayé Ṣì Wà Kó Tó Kan Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín la fẹ́ jọ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tí kíndìnrín wọn ń ṣàárẹ̀ kò tíì dé ìdí ẹ̀rọ, àwọn míì ò sì ní débẹ̀ rárá. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ayé?

Ìpele 5 ni àwọn dókítà pín àìsàn yìí sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má fi àmì kankan hàn. Tó bá di ìpele 4, ara á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀: ẹsẹ̀ á wú, ara á máa yún, ìtọ̀ ò ní jẹ́ kéèyàn sùn lóru, oúnjẹ ò ní dùn lẹ́nu. Kíndìnrín ló ń rán mùdùnmúdùn inú egungun níṣẹ́ pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí òun fúnra ẹ̀ bá ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dín, àárẹ̀ á dé. Torí náà, bí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá ti ibi iṣẹ́ dé tó sùn lọ sórí àga, ẹ má tíì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ ní kó sọ fún dókítà. Oògùn àti abẹ́rẹ́ wà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, ń fi kún ewu fún ẹni tó bá jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ dín iyọ̀ àti Maggi kù. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló gbọ́dọ̀ fi iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò ló máa sọ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dín in kù, ẹ gé iṣu wẹ́wẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ sè é, kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ nù. Ẹ má fi iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù dípò iyọ̀. Ẹ yẹra fún àgbo àti ibuprofen. Oògùn dapagliflozin, tí NICE fọwọ́ sí fún àìsàn yìí lọ́dún 2022, ń jẹ́ kó falẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Èyí tó le jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá kọ àwo kejì níbi àríyá, wọ́n á ní ó ti di Òyìnbó, á sì jẹ ẹ́ nítorí ojú ayé. Àwọn kan ń fi í pamọ́ fún ọmọ àti àbúrò. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè gba kíndìnrín ẹnì kan nínú ẹbí fún aláìsàn, kó má tiẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ? Àbúrò tí ò gbọ́, báwo ló ṣe máa ràn wá lọ́wọ́? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ ní kí GP yín yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín wò, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè iye tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ará ilé. Àlàáfíà ara á jẹ́ tiwa o.